Sìkọ́láṣíìpù eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà: ṣé bó ṣe rí láyé àtijọ́ ló ṣì rí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọbìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ọdún 17. 400 mítà ló ń sá, ó sì mọ̀ ọ́n sá. Kóòṣì yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n tètè tọwọ́ bọ̀wé, pé nígbà tàwọn, ẹni tó bá ti rí sìkọ́láṣíìpù eré sísá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà: owó ilé-ìwé, oúnjẹ, ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní rárá, òun gbọ́ lórí rédíò pé mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ yẹn báyìí, kí wọ́n dúró kí wọ́n dúnàá-dúrà. Ilé ti pín sí méjì. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Kí ló yí padà gan-an?

*

Olúkúlùkù wọn ló rí apá kan. Kí n tó sọ ìtàn, ẹ bi kóòṣì yẹn ní nǹkan méjì. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni sìkọ́láṣíìpù náà máa gbé? Ọdún mélòó ni wọ́n máa kọ sínú ìwé? Ohun tí kóòṣì bá sọ lórí WhatsApp kò de ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ló dè wọ́n.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ti rí sìkọ́láṣíìpù, àwọn ò ní san kọ́bọ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé máyà sáré, bẹ́ẹ̀ ló rí: títí di 2025, ọmọ 85 ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan lè gbé gbogbo ìnáwó wọn, ó sì pẹ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ti eré sísá yàtọ̀. NCAA ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì ibẹ̀, ohun tí òfin wọn sì fàyè gbà fún ẹgbẹ́ eré sísá ni sìkọ́láṣíìpù 12.6 fún ọkùnrin àti 18 fún obìnrin. Kóòṣì á wá gé e wẹ́wẹ́ láàárín àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń fò àti àwọn tó ń ju irin. Ẹlòmíràn gba ìdajì, ẹlòmíràn gba owó ìwé kíkà lásán. Nítorí pé ìpín àwọn obìnrin pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ó máa ń rọrùn díẹ̀ fún ọmọbìnrin láti rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ìyẹn dára fún ọmọ yín.

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ààlà 12.6 àti 18 yẹn ti kúrò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wọnú àdéhùn ilé-ẹjọ́ kan tí màá ṣàlàyé níwájú. Iye ọmọ tó lè wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ààlà sí báyìí: 45 fún obìnrin, 45 fún ọkùnrin. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè fún gbogbo wọn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Bóyá wọ́n á fẹ́ ni ìṣòro, torí ibòmíràn ni owó ń gbà lọ.

*

Mo ti ka èsì tí ẹ kọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú yín ń sọ pé eré ìfẹ́ ni láyé àtijọ́, àfìgbà tí owó dé tó bà á jẹ́. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ìdíje àkọ́kọ́ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì ní Amẹ́ríkà ni ti ọkọ̀ ojú omi, láàárín Harvard àti Yale, lórí adágún Winnipesaukee ní 1852. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló gbé owó àwọn ọmọ náà, kí èrò lè wọ rélùwéè wá wòran. Ìyẹn ju àádọ́jọ ọdún lọ. Ní 1905, àwọn ọmọ ń kú lórí pápá bọ́ọ̀lù débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ pe Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House. Àjọ tó di NCAA jáde láti inú wàhálà yẹn ní 1906. Ní 1929, Carnegie Foundation ṣe ìwádìí káàkiri, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ń fi owó tàbí iṣẹ́ fa eléré wá. Ọdún 1956 ni NCAA tó gbà ní gbangba pé kí wọ́n máa fún ọmọ ní sìkọ́láṣíìpù nítorí eré nìkan.

Owó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń gbà kọjá ni ká yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó máa ń dùn mí. Ray Dennison ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà yẹn fún ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Colorado, Fort Lewis A&M. Ní 1955 ó ṣèṣe ní orí lórí pápá, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ lọ bèèrè owó tí òfin ní kí wọ́n san fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìpínlẹ̀ Colorado dájọ́ ní 1957 pé kò sí nǹkan kan fún un, torí ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í fi bọ́ọ̀lù ṣòwò. Obìnrin náà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Orí irú ìdájọ́ báyìí ni NCAA dúró lé fún ọ̀pọ̀ ọdún: akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Walter Byers ló darí àjọ náà láti 1951 títí di 1987, òun ló fẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun náà ló yí padà tó ń sọ fáyé pé wọ́n ń rẹ́ àwọn ọmọ jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàárò ayé ìgbà yẹn, ẹ rántí ìyàwó Dennison.

*

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣé kì í ṣe ètò yẹn náà ló gbé àwọn èèyàn wa ga? Òun ni. N kò sẹ́ ẹ.

Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló ń ṣe kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí Houston ní 1980, kò sí ẹnì kankan láti ilé-ẹ̀kọ́ tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó pè wọ́n, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Láti 1982 sí 1984, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Gbọ̀ngàn kún, tẹlifíṣọ̀n ń pa owó, orúkọ yunifásítì náà kárí ayé. Òun, ìwé, oúnjẹ àti ibùsùn ni tirẹ̀, àfi nígbà tí Houston Rockets, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tó ń sanwó, mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1984.

Ẹ tún wo ikọ̀ 4x100 mítà tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992. Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́ ti UTEP ní Texas jáde, Chidi Imoh ti Missouri jáde, Davidson Ezinwa ti Azusa Pacific ní California jáde. Amẹ́ríkà ló ṣe pápá, oúnjẹ, dókítà àti ìdíje fún wọn, ohun tí a kò ní nílé.

A ní ètò tiwa, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe NUGA àkọ́kọ́, eré àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ní 1966. Ẹni tó bá ti lọ wo NUGA mọ̀ bí ariwo rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì máa ń da ọdún ẹ̀kọ́ rú, NUGA sì máa ń bá a dúró. Ọmọ tí eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́mọ ọdún 18 kò lè máa dúró dè é. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ nìyẹn, n kò lè bá ẹnikẹ́ni wí.

*

Nítorí obìnrin ni ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, apá yìí ṣe pàtàkì.

Títí di 1972, yunifásítì Amẹ́ríkà kò ka eré obìnrin kún. Òfin Title IX, tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ló sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo yan ẹnikẹ́ni jẹ. NCAA fúnra rẹ̀ kò ṣe ìdíje obìnrin àfi láti 1981 sí 1982. Ìpín 18 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó ju ti ọkùnrin lọ, òfin yìí wà nídìí rẹ̀: bọ́ọ̀lù gbé 85 fún ọkùnrin, wọ́n sì ní láti wá ibi tí wọ́n máa gbé e dọ́gba sí.

Ọ̀nà tí òfin yẹn là ni Fálílàt Ògúnkọ̀yà gbà. Mississippi State ló lọ. Ní Atlanta ní 1996, ó sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, ó sì gba idẹ. Ìdíje ọmọ yín gan-an nìyẹn. Tóbi Amúsàn sì rèé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde bíi tirẹ̀: ó lọ sí UTEP, ó gba ife NCAA nínú eré onígi 100 mítà ní 2017, ó sì sá 12.12 ní Eugene ní 2022, kò sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé kó tó dìgbà náà.

Kí n fi ti Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé kún un, ẹni tí wọ́n bí sí Milwaukee, tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì Notre Dame. Ní 2018 ó fi bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn lé yunifásítì UConn lọ, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tún fi irú rẹ̀ gba ife fún Notre Dame. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n pè é wá jó lórí tẹlifíṣọ̀n. Kó tó lè gba owó ijó yẹn, NCAA ní láti fún un láyè lọ́tọ̀, wọ́n sì gbà torí pé ijó kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ rò ó wò: ọmọ lè gbowó ijó, kò gbọdọ̀ gbowó iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Ọdún 2018 péré ni mo ń sọ yìí.

*

Àbúrò kan ní kí n sọ tèmi dípò kí n máa sọ ti olókìkí. Ó dára.

Ní àwọn ọdún 1990, mo sá 400 mítà fún yunifásítì kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni sìkọ́láṣíìpù mi, a sì ṣe ọpẹ́ nílé. Ohun tí kò sí nínú ìdílé wa tó mọ̀ ni pé láti 1973, NCAA ti gbà pé ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa fún ọmọ. Ọdọọdún ni kóòṣì máa ń pinnu bóyá ó tún fẹ́ ọ. Ní ọdún kejì mi, iṣan ẹ̀yìn itan mi já nígbà tí mo ń yíwọ́ kejì. Wọ́n tọ́jú mi, n kò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́tà dé, ìlà mẹ́ta péré: wọn kò ní tún un ṣe. Àwọn ará ìjọ wa ló dáwó tí mo fi parí ìwé, mo sì ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́.

Èyí ti sunwọ̀n. Láti 2012, ilé-ẹ̀kọ́ lè fún ọmọ ní ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2015 sì ni àwọn ẹgbẹ́ ìdíje ńlá márùn-ún fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní gba sìkọ́láṣíìpù lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìpalára tàbí nítorí pé eré rẹ̀ rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ńlá nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ṣì lè fún ọmọ ní ọdún kan. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ béèrè ọdún mélòó.

*

Ó kan mílíọ̀nù dọ́là tí ìyá gbọ́ lórí rédíò. Òótọ́ ni. Ọ̀nà tó gbà dé ni mo fẹ́ kí ó mọ̀.

Ní 1984, ọdún tí Hakeem kúrò ní Houston, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà gba àṣẹ títa bọ́ọ̀lù fún tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́wọ́ NCAA, ní ìbò 7 sí 2, nínú ẹjọ́ tí Oklahoma àti Georgia pè. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ìdíje ti ń dá tiwọn tà. Owó kóòṣì fò sókè, pápá ìṣeré ń di ààfin. Àwọn ọmọ ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ní 2009, Ed O'Bannon, tó ti gba ife pẹ̀lú UCLA ní 1995, rí ara rẹ̀ nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún un lé lórí, ó sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tó fún ọmọ láyè láti fi orúkọ ara rẹ̀ gbowó. Ní oṣù kẹfà 2021, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fẹnu kò lé NCAA lórí nínú ẹjọ́ Alston, lórí ààlà tó fi sí àǹfààní ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fún eléré. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún yẹn ni NCAA yọ̀ǹda kí ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gbowó, ohun tí wọ́n ń pè ní NIL. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House tí àwọn eléré pè, èyí tí mo mẹ́nu bà lókè: dọ́là bílíọ̀nù 2.8 fún àwọn eléré tí wọ́n ti rẹ́ jẹ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì lè san tó nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 20.5 fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Inú mi dùn sí i. Ó pẹ́ jù kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó ń gbà: bọ́ọ̀lù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tẹ̀ lé e, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti àwọn yòókù. Eré sísá kì í pa owó tẹlifíṣọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń wá mílíọ̀nù 20 kiri lè wo ẹgbẹ́ eré sísá bí ìnáwó tí wọ́n lè gé. Stanford pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, kéde ní 2020 pé òun fẹ́ pa eré 11 rẹ́. Ariwo àwọn tó ti jáde níbẹ̀ àti ti àwọn eléré ló jẹ́ kí wọ́n yí i padà ní 2021.

Èyí tó le jù: físà. Físà F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yín máa gbà. Físà yẹn kò fàyè gba kí ọmọ máa ṣe iṣẹ́ NIL, bí ìpolówó, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló rọrùn, kó má ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè polówó bàtà, òun kò lè ṣe é. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ayé òde òní kò tíì tún ṣe, èyí ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn ọmọ wa ń sá eré kan náà, wọ́n sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

*

Ẹni tó ní kí wọ́n máa gba owó náà sí àkáǹtì Nàìjíríà, jọ̀wọ́, má fi irú ìmọ̀ràn yìí ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kì í ṣe ibi tí àkáǹtì wà ni wọ́n ń wò, ibi tí ọmọ ti ṣe iṣẹ́ náà ni. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Kentucky, dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Bahamas ní 2022, ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn tó mọ òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí físà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní eré, kò ní ìwé.

Físà yìí kan náà ti le sí i. Nígbà tó di oṣù keje 2025, ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tó ṣeé lò láàárín oṣù mẹ́ta péré, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà; nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, wọ́n dá fífún ọ̀pọ̀ wọn ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró. Ẹni tó bá wá sílé fún ìdíje tàbí òkú lè má rí òmíràn gbà láti fi padà. Òfin náà sì ń yí lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ bèèrè ní ẹ́ńbásì fúnra yín, ẹ má gbọ́ ti aṣojú tó ń gbowó.

Ẹ tún béèrè nípa pọ́tàlì, ibi orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí eléré tó fẹ́ pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀. Láyé tèmi, ẹni tó bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, nínú àwọn eré kan ó ní láti jókòó ọdún kan. Láti 2021 ni wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀kan láìjókòó, ní 2024 wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ lè sá kúrò lọ́dọ̀ kóòṣì tí kò dára, mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ṣùgbọ́n kóòṣì náà lè lọ mú ẹni ọdún 22 tó ti dàgbà nínú eré láti inú pọ́tàlì, dípò ọmọ ọdún 17 tí wọ́n máa tọ́. Ààyè 45 yẹn kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

*

Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá. Ẹ ní kóòṣì náà ti dáhùn: ìdá 60, ọdún kan, "a máa wò ó lẹ́yìn náà."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé dọ́là 40,000 ni gbogbo ìnáwó ọdún kan níbẹ̀, 16,000 ni ìdílé máa wá lọ́dọọdún, láìka tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Bàbá gbọ́dọ̀ rí iye yẹn kó tó sọ pé ọmọ ti bọ́. Ìyá náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mílíọ̀nù kò sí níbẹ̀ fún ẹni tó ń sá 400 mítà pẹ̀lú F-1, kí wọ́n má fi ìdúnàá-dúrà owó pàdánù ohun tó ṣeé gbà.

Ohun tó ṣeé gbà ni kí ẹ bèèrè: ọdún mẹ́rin nínú ìwé, gbólóhùn kan tó sọ pé ìpalára kò ní gba sìkọ́láṣíìpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló máa san owó dókítà bí iṣan bá já, ìdá mélòó ló máa di bí eré rẹ̀ bá yá sí i. Ẹ bèèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà wọnú àdéhùn House, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ààyè 45 kan wọn. Kí ọmọ fún WAEC rẹ̀ ní ojú tó fi ń wo eré, pàápàá ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. NCAA kò bèèrè ìdánwò SAT ti Amẹ́ríkà mọ́ láti 2023, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo èsì WAEC náà fínnífínní, ìdá 40 tó kù sì lè ti inú sìkọ́láṣíìpù ti ìwé wá bí èsì bá dára.

Ẹ má fi kóòṣì kan ṣoṣo ṣe. Kí wọ́n fi àkókò rẹ̀ àti fídíò eré rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ yìí, kí bàbá àti ìyá jọ wà lórí ìpè tó kàn. Bí ìwé bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Màá bá yín kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.